Eré Ni Wọ́n Ní, Ère Ni Mo Gbé Lọ sí Bódìjà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà odò á ní, "Dáre, Ìbàdàn ńkọ́?" Ẹni tó bá mi lóko á ní òun gbọ́ pé mo gbé òkú wọ mọ́tò. N kò gbé òkú wọ mọ́tò o. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè ráyè jẹun.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo ń ṣeré orí ìtàgé, mo ń gbẹ́ ère, mo sì ń kọ ìwé eré. Torí ẹ̀ lẹ ṣe sọ mí ní Mẹ́talọ́kan, títí àlùfáà wa fi bẹ̀ yín pé ọ̀rọ̀ òdì ni. Ẹ tún máa ń sọ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mẹ́ta ni èmi ń lé, mo sì ṣì wà láyé.

Níbi ìgbéyàwó kan ní Kàbà ni obìnrin ará Ìbàdàn kan ti rí mi. Àǹtí Yétúndé ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ṣeré lọ́jọ́ náà, mo sì pàtẹ àwọn ère mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àǹtí wo eré, ó wo ère, ó gba nọ́ńbà mi. Nígbà tó yá, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "E joo, a fe ki e wa ba wa se ere Daddy fun ojo ibi won." Ó fi fọ́tò bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin náà ẹ kà á wò. Kí lẹ máa pè é? Ta ló ń fi fọ́tò ẹ̀yìn orí ránṣẹ́ nítorí eré? Èmi ka ère. Síbẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo béèrè: "Se eyi to duro ni abi eyi to joko?" Ó dáhùn: "Daddy o le duro pe mo. Ijoko lo daa." Mo tún béèrè: "Bawo le se fe ko gun to?" Ó ní: "Ko ma gun ju. Awon alejo a ti maa fe jeun." Ìyẹn rú mi lójú díẹ̀. Kí ló kan gígùn ère kan ebi? Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú ńlá nìyẹn, mo mú àáké.

Èrò ọkọ̀ tí kì í mumi

Ère náà dáa, ẹnu mi kọ́ lẹ máa ti gbọ́ ọ. Bàbá arúgbó tó jókòó, tó fọwọ́ lérí ọ̀pá, tó ń wo èèyàn bí ẹni pé ó ti ká a mọ́ ibi tó ti ń jíwèé wò. Mo dé fìlà fún un kí orí rẹ̀ má bàa họ, mo wé kúbùsù mọ́ ọn lára dé ọrùn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Ìyá aláṣọ funfun kan jókòó sẹ́yìn wa. Ìjọ àwọn aládùúrà ni wọ́n, agogo kékeré wà nínú báàgì wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o." Bàbá ò dáhùn. Wọ́n na omi sí i, Bàbá ò gbà á. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Mo ní, "Màmá, igi ni wọ́n."

"Má pe bàbá ẹ nígi mọ́! Bí wọ́n bá tilẹ̀ le sí ẹ, bàbá ẹ náà ni."

Mo fẹ́ ṣí kúbùsù kí wọ́n lè rí i. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ pé òtútù á mú un. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìmúláradá. Kí á tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ọkọ̀ ti ń ṣàmín, wọ́n sì ti fi òróró kun iwájú orí ère mi. Ní Ọ̀yọ́ ni awakọ̀ fọwọ́ kàn án tó fi fò sẹ́yìn pé, "Igi ni lóòótọ́!" Mo rò pé ojú á ti ìyá yẹn. Rárá o. Wọ́n ní àdúrà kì í ṣòfò, igi náà á rí i lò.

Ìbàdàn ò lókun

Ní Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo ti bọ́ sílẹ̀. Mo rí awakọ̀ takisí kan tó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, mo sì kí i bí a ṣe ń kíra wa nílé: "Òkun o."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Òkun kẹ̀? Bọ̀dá, òkun wà l'Ékòó. Ìbàdàn ò lókun. Tó bá jẹ́ omi lẹ fẹ́ rí, ká máa lọ s'Ẹ́lẹ́yẹlé."

Mo ṣàlàyé pé ìkíni ni. Ó ní a ò wá "ẹ kú iṣẹ́" tì láti fi kíni, a wá ń dárúkọ omi. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í pe "ṣ" dáadáa. Ó ní, "Isẹ́ wo lẹ ń se?" Mo ní òṣèré ni mí. Háà, ojú rẹ̀ là! "Èmi náà òsèré ni!" Ó ní òun ti wà nínú fíìmù kan, òun ló ṣí géètì fún ọlọ́lá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un sọ: "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó sọ ọ́ fún mi lóhùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sọ ọ́ lóhùn ńlá, ó bi mí èwo ló wọ̀ mí lára jù. Ó tún sọ pé òun ló ya gbogbo àwòrán tó wà lára takisí náà, òun ló sì ro àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́yìn rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹni mẹ́ta-nínú-ọ̀kan bíi tèmi, awakọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ní Ìbàdàn náà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bódìjà kò jìnnà sí Ọ̀jọ́ọ̀, àmọ́ ó kọ́kọ́ gbé wa kọjá lọ sí Mọ́kọ́lá kó lè fi ère mi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ọ̀rẹ́ náà, mẹkáníìkì, yí ère ká, ó ní imú ti tóbi jù. Wọ́n bu gààrí tútù fún mi, wọ́n fi kúlíkúlì sí i, wọ́n ní kí n má bínú, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ará Ìbàdàn ṣe ń ṣàlejò nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi: wọ́n á bú ẹ, wọ́n á sì bọ́ ẹ, ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Bódìjà, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣí géètì onígéètì, ó sì tẹríba fún ère mi pé, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ta ló kú?

Àǹtí Yétúndé jáde pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ni Àǹtí, ó ga, ó sì máa ń fi ìka sókè bó bá ń sọ̀rọ̀, bí gbogbo tíṣà. Ó wo inú ọkọ̀. "Ta lẹ mú wá?"

Mo ṣí kúbùsù pẹ̀lú ìgbéraga. "Dádì ni."

Àǹtí káwọ́ lérí. "Eré ni mo ní o. Eré! Pé kí ẹ wá ṣe Dádì lórí ìtàgé, kí ẹ wọ aṣọ wọn, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bíi wọn!"

Ìyá rẹ̀, Màmá, sáré sún mọ́ ọkọ̀. Wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa fi bo ère náà. "Ẹ bò ó. Ẹ bò ó kí Bàbá tó rí i."

Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Orí sàréè ni wọ́n ń gbé ère àgbàlagbà kà. Ẹni tó bá gbẹ́ ère alààyè tó ti dàgbà, bí ìgbà tó ń sọ fún un pé ó pẹ́ kó tó lọ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo kàn rò pé Bódìjà ti lajú kọjá ìyẹn ni.

Ìborùn ò tíì dé orí ère tí Bàbá fi yọ. Wọ́n tẹ̀ lé ọ̀pá wọn dé ẹ̀gbẹ́ takisí. Wọ́n wo ère, ère ń wo àwọn náà. Wọ́n fọwọ́ kan imú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan tiwọn. Wọ́n wá bi wá jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ọjọ́ wo lẹ dá fún ìsìnkú?"

Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí ní àṣìṣe ni, àtẹ̀jíṣẹ́ ló fà á. Bàbá ní kó mú fóònù wá, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún yín: tíṣà Yorùbá ni Bàbá yìí, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn èèyàn ńlá wà káàkiri Ìbàdàn tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣì ń ta wọ́n bí wọ́n bá gbàgbé àmì ohùn.

"Àmì dà?" Bàbá ní.

"Dádì, lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń..."

"Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn. Ọmọ tèmi ló wá fi àìfàmìsí pa mí." Wọ́n dá fóònù padà. "Ó dáa. Mo ti kú. Òkú kì í sọ̀rọ̀."

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn yàrá wọn.

Iyán tí odó ò rí

Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ní iyán ni. N kò gbọ́ ìró odó. Mo bi Màmá, wọ́n ní ìyẹ̀fun ni wọ́n dà sínú omi gbígbóná, pọ́ńdò ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ará Yàgbà, mo jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ò sí níbẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà dùn bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n iyán yẹn ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo rántí ilé, omi sì dé sójú mi. Màmá rò pé ata ni.

Bàbá ò fọhùn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ti ìwé pélébé gba abẹ́ ìlẹ̀kùn. Èyí àkọ́kọ́ ní: "Ẹ fún mi ní omi. Kó má tutù jù." Gbogbo àmì rẹ̀ pé, kò sí èyí tó yẹ̀. Màmá kà á, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Òkú yìí ò ní pa ara rẹ̀." Ìwé kejì ní kí wọ́n fi ẹran kún ọbẹ̀. Ìkẹta ló bà wá lọ́kàn jẹ́: "N kò ní jáde wo eré kankan. Ẹ gbé ère yín sórí àga mi, òun ni ẹ rán wọn gbẹ́."

Àǹtí ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin tó ń fi ìka sókè láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wá wà lórí itan.

Ó mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ilé. Aṣọ ìtàgé kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń so sẹ́yìn òṣèré, ó gùn tó ògiri. Ilé náà ni Àǹtí yà sí i bó ṣe rí láyé ọjọ́un, àwọ̀ ewé lára ògiri, igi máńgòrò, kẹ̀kẹ́ Bàbá lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Òun náà ló kọ eré. Ó ní nígbà tí òun ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì, yunifásítì gba òun pé kí òun wá kọ́ iṣẹ́ tíátà. Bàbá kọ̀. Bàbá ní tíṣà ló máa ṣe.

"Mo sì ṣe tíṣà," ó ní. "N kò kábàámọ̀ ọmọ tí mo kọ́. Àmọ́ gbogbo eré tí mo ti bá àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe, wọn ò wá wo ọ̀kan rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ kí wọ́n rí mi lórí ìtàgé, Dáre. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ ìbí yẹn ni mo fojú sí, torí wọn ò lè sá kúrò nínú ilé ara wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ti wá rí i pé kì í ṣe ère lásán ni mo gbé wọ ìlú, ìlẹ̀kùn ni mo gbé wá dí mọ́ obìnrin yìí.

Wọ́n ń kí igi

A gbé ère sórí àga Bàbá ní pálọ̀, torí òkú ti pàṣẹ. Láti ìgbà náà ni ilé ò ti rójú. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀. Ẹlòmíràn á mọ̀ pé igi ni tó bá dìde, á sì tún kí i pé "ó dàbọ̀" bó bá ń lọ, kó má bàa dà bí ẹni tó rí fín. Alàgbà kan láti ìjọ Áńgílíkà wọn, tí ojú ò ríran dáadáa mọ́, bá ère náà sọ̀rọ̀ pẹ́ títí nípa òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó jáde, ó sọ fún Màmá pé, "Ó pẹ́ tí ọkọ yín ti fara balẹ̀ gbọ́ mi báyìí."

Èmi àti Àǹtí ń fi eré dánra wò. Mo fi ẹfun pa irun mi láró funfun, mo wọ agbádá Bàbá, Màmá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìrìn ò le. Ohùn ló le. Àǹtí ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ará òkè. Mo ní òkè wo? Ó ní òkè tí mo ti wá. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó fi ìka sókè. A lọ ra awò ojú tó jọ ti Bàbá ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń tà á bi mí níbi tí mo ti wá. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, ẹ̀yin Hausa yẹn." Èmi, Yorùbá pọ́ńbélé! Mo fẹ́ bá a jà, Àǹtí fà mí láṣọ. Ẹ wo bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe kéré tó lójú ará Ìbàdàn.

Gbogbo bí a ṣe ń ṣe èyí, Àǹtí á lọ sí ẹnu ìlẹ̀kùn Bàbá, á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́." Ìwé kan á yọ lábẹ́ ìlẹ̀kùn: "Rárá." Àmì méjèèjì pé lórí rẹ̀.

Ọjọ́ náà

Àlejò dé láti Ring Road, láti Challenge, láti Agbowó. Àgbà tíṣà ló pọ̀ jù nínú wọn. A so aṣọ ìtàgé mọ́ ara igi máńgòrò gidi lẹ́yìn ilé, a to bẹ́ǹṣì. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá Bàbá kọjú sí wa, títì ló wà. Màmá sọ fún àlejò pé Bàbá ń sinmi. Mo rí i pé àwọn náà ti sọ̀rètí nù.

Àǹtí jáde nínú aṣọ ilé-ìwé, ó dirun bí ọmọge. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta, nínú síkẹ́ẹ̀tì péńpé bí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì! Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó wá rìn, ó rìn bí ọmọ tó gbé ìròyìn ayọ̀ lọ́wọ́ tó sì ń bẹ̀rù ẹni tó máa sọ ọ́ fún, gbogbo wọn sì na ọrùn wò ó. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lágbàlagbà. Ó ti wà lára rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Dádì, wọ́n gbà mí ní yunifásítì. Tíátà ni mo fẹ́ ṣe."

Mo kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. Mo fi ohùn Bàbá sọ ọ́ bí Àǹtí ṣe kọ ọ́: "Kò sí ọmọ tíṣà tó máa di alárìnjó nínú ilé yìí!"

Ìlẹ̀kùn ṣí. "Irọ́ ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá ni. Wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ilé, wọ́n gba àárín àwọn àlejò kọjá, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Àlejò kan ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n wò mí láti orí ẹfun dé bàtà. "Bó o bá máa ṣe mí, ṣe mí bí mo ṣe rí. Kúrò níbẹ̀." Mo kúrò. Kí ni mo fẹ́ wí? Onínǹkan ló dé.

Wọ́n dúró síwájú ọmọ wọn. "Mo rántí ohun tí mo sọ," wọ́n ní. "Mo ní, 'Yétúndé, ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?' Ìyẹn ni mo sọ."

Ó yẹ kí Àǹtí dìde, kó ní eré ti bàjẹ́. Kò dìde. Ó gbójú sókè, ó dá wọn lóhùn nínú ohùn ọmọdé yẹn: "Ẹ ò tíì rí mi, Dádì. Ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, màá padà wá ṣe tíṣà."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí nígbà tí a ń dánra wò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Bàbá la ẹnu. Gbogbo wa mọ̀ pé "Rárá" ló kàn. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Ó tó. Ó tó, má sunkún mọ́. Mo ti ń wò ọ́."

Ó dìde. Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó sì mú ìlà tó kàn nínú eré lóhùn tó já gaara, bí ẹni tí ojú rẹ̀ ò tutù rí. Mo gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe mí lórí bẹ́ǹṣì.

Bàbá wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìtàgé. Wọ́n rò pé wọ́n ń sọ ọ́ sí mi létí, àmọ́ gbogbo àgbàlá ló gbọ́. "Dáre, ẹkún yẹn, ṣé tòótọ́ ni àbí ara eré ni?"

Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo wo Àǹtí dáadáa. "Bàbá, n kò mọ̀."

Wọ́n mi orí pẹ́ títí. Alàgbà tó ń bá igi sọ̀rọ̀ níjọ́sí ti rí wọn, ó na ọwọ́ pé, "Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, ẹ káàárọ̀, ṣé ara..." Bàbá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbá a lórúnkún.

"Dákẹ́," wọ́n ní. "Ọmọ mi ló ń ṣeré."